Ohùn Sàlẹ́ńsà àti Àìsàn Ẹ́ńjìnnì: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Tí Ọkọ̀ Akẹ́rù Fi Ń Tiro

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òwe yìí bá ohun tí a fẹ́ yànnàná nínú àpilẹ̀kọ yìí mu gẹ́gẹ́. Ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, wà lórí ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu gba Bohicon àti Dassa lọ sí Parakou, títí dé Malanville ní ẹnu ibodè Niger. Ọkọ̀ tó kó iṣu, tó kó òwú, tó kó kaṣú, tó kó ìrèké ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá tẹ́tí sí wọn dáadáa yóò gbọ́ pé ohùn wọn kò rí bákan náà. Òmíràn ń lọ geere. Òmíràn ń kólòlò: yóò dún, yóò dún, yóò já, yóò tún dún.

Púpọ̀ nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kò lo sàlẹ́ńsà tó bá wọn jáde láti ilé iṣẹ́ mọ́. Ti àkọ́kọ́ ti dógùn-ún, ó ti jẹrà, tàbí wọ́n ti gé e tà. Wẹ́dà ti jó páìpù mìíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ọlọ́kọ̀ ti ra èyí tí kì í ṣe ojúlówó lọ́jà. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá wá ń tiro, sàlẹ́ńsà ni gbogbo ènìyàn á kọ́kọ́ nawọ́ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ariwo ti ń jáde. Ìbéèrè wa nìyí: ṣé sàlẹ́ńsà tuntun yìí ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì tiro ni, àbí ẹ́ńjìnnì ti ń tiro tẹ́lẹ̀, tí sàlẹ́ńsà tuntun kàn jẹ́ kí etí wa gbọ́ ọ? Ẹni tí kò bá ya ìbéèrè méjèèjì yìí sọ́tọ̀ yóò náwó síbi tí àìsàn kò sí.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Ó kàn wá ní ọ̀nà méjì. Èkíní, gbígbọ́ ìró ká sì fi òye wá ibi tó ti ṣẹ̀ wá, iṣẹ́ tiwa gan-an nìyẹn. Èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu awakọ̀ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì ní lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá lọ́, àtúnṣe náà yóò lọ́.

Kí ni à ń pè ní títiro ẹ́ńjìnnì?

Inú sìlíńdà ni iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ti ń wáyé. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni písítìnì ń gbé. Ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ó ń fún wọn pọ̀. Iná á ràn, á sì ti písítìnì lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà písítìnì á lé èéfín jáde. Ìgbésẹ̀ kẹta nìkan ló ń fún ọkọ̀ lágbára. Àwọn mẹ́ta yòókù ń jẹ nínú agbára náà ni. Bí iná kò bá ràn rárá, tàbí tó ràn lábọ̀, tàbí tí kò ràn ní àkókò tó yẹ, sìlíńdà náà kò rí nǹkan kan dá sí iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa wọ́ ọ lọ.

Kí iná tó lè ràn dáadáa, ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé: afẹ́fẹ́, epo, ìfúnpọ̀, àti iná ní àkókò rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ló ń ta iná nínú ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì, kò sí púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Ooru ìfúnpọ̀ ló ń mú kí epo gbiná.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin bá ń yí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ dúró, ìgbà méjì ni iná ń ràn nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 1,600 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, èyí tó tó nǹkan bí 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí kò lè ka èyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn kan gbọọrọ ni a ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí sìlíńdà kan bá kú, àlàfo yóò máa wà lẹ́yìn ìdún mẹ́ta mẹ́ta. Àlàfo náà yóò wáyé ní ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nǹkan bí 7 ní ìṣẹ́jú àáyá. Èyí kò jìnnà sí bí sílébù ṣe ń tẹ̀lé ara wọn lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ìdí nìyí tí etí wa fi ń mú un láìṣe wàhálà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin, ètò tí iná fi ń ràn ni 1, 3, 4, 2. Bí ìkẹta bá kú, ohun tí a ó gbọ́ ni 1, àlàfo, 4, 2. Ó dà bí ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́rin tí ẹnìkan ń gbé sílébù kejì rẹ̀ mì nígbà gbogbo.

Orúkọ púpọ̀ fún ohun kan, orúkọ kan fún ohun púpọ̀

Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ gáréèjì ń ti ọ̀nà méjì wá. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń lo Faransé á ní bougie. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní apá Nàìjíríà á ní púlọ́ọ̀gì. Ohun kan náà ni. Ìró tó wà láàárín bougie kò sí nínú èdè wa, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ sí ẹnu Yorùbá, j tiwa ló máa ń gba ipò rẹ̀, á di búùjì. Púlọ́ọ̀gì ní tirẹ̀ ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì níbẹ̀rẹ̀ àti kọ́ńsónáǹtì níparí nínú Gẹ̀ẹ́sì, a sì fi fáwẹ̀lì tú wọn ká. Ọ̀rọ̀ àyálò méjèèjì tẹ̀lé òfin ilé wa.

Orúkọ méjì fún ohun kan kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni orúkọ kan fún ohun méjì. Lẹ́nu àwọn kan, sàlẹ́ńsà ni àpótí irin tó ń pa ariwo, tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ lápá ẹ̀yìn. Lẹ́nu àwọn mìíràn, gbogbo páìpù èéfín ni, láti ara ẹ́ńjìnnì títí dé ìdí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé awakọ̀ kan wí pé sàlẹ́ńsà òun ń jò, tó sì ń sọ nípa mánífóòdù, níbi tí páìpù ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì lè pààrọ̀ àpótí ẹ̀yìn, kó gbowó, kí jíjò náà sì wà níbi tó wà.

Orúkọ àìsàn náà ńkọ́? Àwọn Faransé ní ẹ́ńjìnnì ń ní ratés, tàbí kí wọ́n ní ó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn. Lọ́dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, wọ́n á ní ọkọ̀ ń jẹ́ẹ̀kì. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò dọ́gba. Jẹ́ẹ̀kì ń sọ ohun tí ara ọkọ̀ ń ṣe: ó ń gbọ̀n, ó ń fà sẹ́yìn. Ọkọ̀ sì lè jẹ́ẹ̀kì nítorí kílọ́ọ̀ṣì, tàbí nítorí pé síìtì tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ti já, kí iná sìlíńdà má ní àbùkù kankan. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ní tirẹ̀ ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì gan-an. A rò pé tiro tiwa bá a mu dáadáa, nítorí ẹni tó ń tiro ṣì ń rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kò gbé ẹrù tirẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fi tiro mọ sọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì, a sì fi jẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ fún ara ọkọ̀.

Orísun ohùn àti asẹ́ ohùn

Nínú ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì, a kọ́ nípa àlàyé tí Gunnar Fant ṣe nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1960. Ohùn ènìyàn ní orísun, ó sì ní asẹ́. Fún ìró akùnyùn, tán-án-ná ni orísun. Ọ̀fun, káà ẹnu àti káà imú ni asẹ́; àwọn ló ń pinnu èyí tí yóò ròkè àti èyí tí yóò rẹlẹ̀ nínú ohùn náà. Bí a bá ya ẹnu tàbí tí a bá su ètè jọ, fáwẹ̀lì á yí padà, ṣùgbọ́n tán-án-ná lè máa gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀.

Àlàyé yìí bá ọkọ̀ mu. Iná tó ń ràn nínú sìlíńdà ni orísun. Páìpù àti sàlẹ́ńsà ni asẹ́. Sàlẹ́ńsà ilé iṣẹ́ ní yàrá àti ihò wẹ́wẹ́ nínú tó ń pa púpọ̀ nínú ìró náà kó tó jáde. Bí wẹ́dà bá fi páìpù gbọọrọ lásán rọ́pò rẹ̀, asẹ́ ti ṣí nìyẹn. Ohun tó ti ń farasin á di ohun gbangba. Ọkọ̀ tó ti ń tiro díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta á wá dà bí ẹni pé ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ sàlẹ́ńsà gan-an ló bẹ̀rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí gáskẹ́ẹ̀tì mánífóòdù bá jò, yóò máa ṣe tẹ́kẹ́-tẹ́kẹ́, etí sì lè rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń tiro. Ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí: títiro máa ń gbọn ẹ́ńjìnnì, ó sì ń dín agbára rẹ̀ kù, jíjò lásán ń pariwo ni, agbára ọkọ̀ sì lè wà bó ṣe wà. Ariwo jíjò sábà máa ń pọ̀ nígbà tí irin tutù, kó sì dínkù bí irin bá ti gbóná tó sì wú.

Ibi tí sàlẹ́ńsà ti lè jẹ̀bi lóòótọ́

A kò sọ pé páìpù tuntun kì í jẹ̀bi. Pípààrọ̀ àpótí ẹ̀yìn nìkan kì í sábà mú kí iná sìlíńdà kùnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́rin wà tí iṣẹ́ páìpù lè gbà dá a sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni jíjò tó wà ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Èéfín kì í jáde bí omi ẹ̀rọ. Ó ń ta jáde ní ìgbà-dé-ìgbà ni. Láàárín ìtajáde méjì, afẹ́fẹ́ ìta lè gba ojú ihò náà wọlé. Sẹ́ńsọ̀ á rí ọ́síjìn púpọ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé epo ti kéré jù, á sì fi epo kún epo. Púlọ́ọ̀gì á dúdú, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

Èkejì ni dídí. Inú kátálísítì lè fọ́, kí àfọ́kù rẹ̀ lọ dí páìpù, tàbí kí wẹ́dà lo páìpù tó tóóró jù. Èéfín tí kò ríbi jáde á kù sínú sìlíńdà, á sì ba afẹ́fẹ́ àti epo tuntun jẹ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ geere nígbà tó bá dúró, àmọ́ bó bá di òkè tàbí eré, èémí rẹ̀ á tán.

Ẹ̀kẹta ni ooru. Mánífóòdù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ lè sún mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì jù, kó sì sun ún. Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ jíjó fúnra rẹ̀: bí wẹ́dà kò bá tú orí bàtìrì kó tó bẹ̀rẹ̀, ó lè ba kọ̀ǹpútà tàbí sẹ́ńsọ̀ jẹ́, ó sì tún lè fa wáyà sẹ́ńsọ̀ já.

Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé àbájáde lè dà bí ìdí. Bí sìlíńdà kan bá kú nítorí púlọ́ọ̀gì, ọ́síjìn tí kò jóná nínú rẹ̀ á gba páìpù lọ bá sẹ́ńsọ̀. Sẹ́ńsọ̀ á tún sọ pé epo kéré. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ á pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, á tún pààrọ̀ páìpù, ẹ́ńjìnnì á sì máa tiro lọ.

Bí a ṣe ń wá a

1. Kọ́kọ́ bi awakọ̀. Ìgbà wo ló ń ṣe é? Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni àbí nígbà tó gbóná? Lórí òkè, àbí nígbà tó dúró? Lẹ́yìn òjò? Lẹ́yìn tó ra epo? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì lágbègbè wa, nítorí kpayo, epo tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà tí wọ́n sì ń tà nínú ìgò létí ọ̀nà, lè ní omi tàbí kẹrosíìnì nínú. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó rẹ̀ sì ti gòkè gan-an. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ́ wa níbi iṣẹ́ ìwádìí láàárín àwọn abínibí, ẹ má fi ìdáhùn sí ẹnu ẹni tí ẹ ń bi. Ẹ má béèrè pé, "Ṣé sàlẹ́ńsà ni?" Ẹ ní, "Kí lẹ gbọ́? Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?"

2. Ka àmì kọ̀ǹpútà bí ọkọ̀ náà bá ní in. Amẹ́ríkà sọ ihò ìkàmì tó jẹ́ ti gbogbo ọkọ̀ di dandan láti ọdún 1996. Yúróòpù ṣe é fún ọkọ̀ oníbẹntiróòlù láti ọdún 2001. P0300 túmọ̀ sí pé títiro náà kò dúró sójú kan. P0301 ń tọ́ka sí sìlíńdà kìíní, P0302 sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ṣe ń falẹ̀ díẹ̀ nígbà tí iná kùnà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, àmì yìí ń sọ ibi tí iná ti kùnà. Kò sọ ohun tó fà á.

3. Wá sìlíńdà tó kú. Lórí ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, a máa ń yọ orí wáyà tó lọ sí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ lẹ́yọ. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá rẹlẹ̀ sí i, sìlíńdà yẹn ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí nǹkan kan kò bá yí padà, òun ni ọ̀daràn. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n tí a fi ń fi bá àti bà wéra náà nìyí? Ohun kan ṣoṣo ni a yí padà, a sì wo ohun tí ìyẹn ṣe. Ẹ má fọwọ́ lásán yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ayé àtijọ́ o. Iná tó wà níbẹ̀ lè ju 20,000 fóòtì lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́, nítorí epo tí kò jóná ń lọ bá kátálísítì. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí a tan ẹ́ńjìnnì nígbà tó tutù, kí a sì kán omi díẹ̀ sí ẹ̀ka mánífóòdù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ibi tí omi kò ti tètè gbẹ, sìlíńdà ibẹ̀ kò ṣiṣẹ́.

4. Pààrọ̀ ipò. Gbé kọ́ìlì sìlíńdà tó kú sórí òmíràn. Bí àìsàn náà bá tẹ̀lé e lọ, kọ́ìlì ni. Bí kò bá tẹ̀lé e, ṣe bẹ́ẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì. Wo ojú púlọ́ọ̀gì náà pẹ̀lú: èyí tó dúdú tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù, èyí tí ọ́ìlì rin, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń wọ sìlíńdà, èyí tó funfun, epo kéré tàbí ooru pọ̀ jù.

5. Wọn ìfúnpọ̀. Bí iná àti epo bá dára, fááfù tó jóná tàbí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tó bẹ́ lè wà níbẹ̀.

6. Ìgbà yìí ni kí a wá lọ sábẹ́ ọkọ̀. Tan ẹ́ńjìnnì tó tutù, kí ẹnìkan fi àkísà nínípọn dí ẹnu páìpù fún ìgbà díẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹ́tí sí ibi tó ń ṣe ṣíì. Omi ọṣẹ á hó níbi tó ń jò. Àmì èédú dúdú lójú ibi tí wọ́n jó pọ̀ náà ń tú àṣírí.

Ti dísẹ́lì

Ọkọ̀ ńláńlá ọ̀nà Parakou, dísẹ́lì ni wọ́n ń lò. Lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, mẹkáníìkì máa ń dẹ nọ́ọ̀tì páìpù tó gbé epo lọ sí nọ́sù kọ̀ọ̀kan, lẹ́yọ lẹ́yọ, kó sì gbọ́ bóyá ohùn yí padà. Ọgbọ́n ìpele kẹta yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán an wò lórí ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì òde òní. Epo inú páìpù wọn lè wà ní ìtẹ̀ tó ju 1,000 báà lọ, nígbà tí táyà ọkọ̀ ńlá jẹ́ nǹkan bí 8 báà. Epo tó bá ta jáde níbẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, ó sì lè mú kí wọ́n gé ọwọ́ ẹni. Kọ̀ǹpútà ni kí a fi yẹ irú ìyẹn wò.

Èéfín náà ń sọ̀rọ̀. Dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí mánífóòdù bá jò ṣáájú tọ́bò, irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, nítorí agbára tó yẹ kó yí tọ́bò ti jò dànù. Búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jóná. Funfun tó ń rùn bí epo ń sọ pé epo wọlé, kò sì jóná.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa

Kì í ṣe owó nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Epo tí kò jóná nínú sìlíńdà á lọ jóná nínú kátálísítì, ooru ibẹ̀ sì lè ga ju 1,000 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ. Ìdí nìyí tí iná ìkìlọ̀ fi ń ṣẹ́jú bí títiro bá le. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dúró sórí koríko gbígbẹ nígbà ọyẹ́, iná lè ràn. Èyí tó tún burú jù ni èéfín tó ń jò lábẹ́ ibi ìjókòó awakọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n mọnọ́síàìdì, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Awakọ̀ tó sùn sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn lè má jí mọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ ohun tí a sọ pé sàlẹ́ńsà kì í sábà jẹ̀bi kí ẹ wá fi èyí tó ń jò sílẹ̀. Tún un ṣe. Àmọ́ má rò pé ìyẹn ló máa wo ẹ́ńjìnnì sàn.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù. Àwa tí a fi Faransé kàwé ní Benin sábà máa ń rò pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kò lè gba inú Yorùbá tàbí ẹ̀ka-èdè Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá. Ọmọ-iṣẹ́ tó ń gbọ́ àlàyé lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀ lábẹ́ igi ń fi hàn lójoojúmọ́ pé irọ́ ni. Kò sí ìpele kankan nínú àwọn tí a là sílẹ̀ yìí tí a kò rí ọ̀rọ̀ sọ, yálà tiwa tàbí èyí tí a yá. Ohun tó ṣaláìní ni ìwé tó to àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ tó dúró sójú kan, tó fi búùjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ púlọ́ọ̀gì, tó sì sọ ibi tí sàlẹ́ńsà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ tó níláárí lèyí jẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ń wá orí ọ̀rọ̀. Kó mú ìwé àti bírò, kó lọ sí gáréèjì, kó sì bẹ̀rẹ̀ bí mẹkáníìkì rere ṣe ń bẹ̀rẹ̀: kó gbọ́ ná, kó tó dá ẹjọ́.